Kó O Tó Gbé Kọ̀ǹpútà Rẹ sí Ojú Fèrèsé

Ìtòkú, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ mi, àkọ́bí mi,

Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ bí awakọ̀ bá gbé àpò yìí fún ọ, tó o sì rí odidi ìwé báyìí nínú rẹ̀. Ìbéèrè kan péré lo bi mí lórí fóònù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. O ní níbi iṣẹ́ wọ́n ti fún ọ ní kọ̀ǹpútà kan tí wọn ò lò mọ́, o fẹ́ máa fi ṣe iṣẹ́ fọ́tò rẹ nílé, àmọ́ o ò tiẹ̀ mọ ibi tí wàá gbé e sí nínú yàrá. Mo ní kó o fún mi ní ọjọ́ díẹ̀. O rò pé mo fẹ́ lọ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni. Rárá o. Mo fẹ́ jókòó kọ ọ́ ni.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọ̀ fún ọ. Ọmọ mi níṣẹ́ n'Ìkẹjà, ọmọ mi gba yàrá tirẹ̀ n'Ífọ̀, ọmọ mi ń jí ní ìdájí wọ ọkọ̀ bí àgbà òṣìṣẹ́, bí kò bá sì lọ síbi iṣẹ́, á gbé kámẹ́rà kọ́rùn, á máa ya àwọn ọmọ tuntun àti àwọn ìyá arúgbó àdúgbò. Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn ní ọ́fíìsì wa títí ó fi sú wọn. Ìyá Àgbà rẹ náà ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá wá ra nǹkan lágbolé, yálà onítọ̀hún bèèrè tàbí kò bèèrè.

Àmọ́ mo mọ̀ ọ́. Fóònù lo mọ̀, o ò mọ kọ̀ǹpútà. Gbogbo nǹkan tó o ti ń ṣe láti ilé ẹ̀kọ́ girama, ìka lo fi ń ṣe é. Mi ò gbàgbé ọjọ́ tó o kọ́kọ́ di máòsì mú nílé Bùọ̀dá Láyí, tó o gbé e sókè lófuurufú bí ẹni tó ń gbé adìyẹ wọ̀n. Mi ò fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi tó bí ọ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ sì nìyẹn. Gbogbo ìmọ̀ràn tí mo ní nípa tábìlì kọ̀ǹpútà, inú àṣìṣe kan ṣoṣo ni mo ti kó o, àṣìṣe náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba nǹkan tí kò ṣeé rà padà lọ́wọ́ Ìyá Àgbà.

Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, torí Yorùbá ni mo fi kọ́ ọgbọ́n náà. O mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n mú mi lọ sí ìlú òyìnbó, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo tó padà. Nígbà tí mo dé, mo gbọ́ Yorùbá díẹ̀, mi ò lè kọ ọ́ rárá. Òyìnbó Ìtòkú ni wọ́n ń pè mí lágbolé. Mo ṣì ń kọ́ ọ títí dòní. Bí àmì kan bá gun orí ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó gùn, fojú fò ó.

Ó dáa. Gbọ́ ìtàn náà.

Àpótí igi kan wà nínú yàrá Ìyá Àgbà. O mọ àpótí náà, o ti jókòó lé e lórí rí. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ: ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n máa ń tì bọ inú ẹ̀kọ, wọ́n á fi ya iṣẹ́ sára aṣọ funfun, wọ́n á wá rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà kò ní mu aró. Ìgbàkígbà tí Ìyá Àgbà bá ya iṣẹ́ tuntun tí ẹnikẹ́ni ò yà rí, wọn kì í ta aṣọ àkọ́kọ́. Inú àpótí yẹn ló ń lọ. Nígbà tí mo fi dé láti òkè òkun, ó ti pé aṣọ mọ́kànlélógún.

Ọdún yẹn ni orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọ́n láàmú, wọ́n ní àwọn ò lè dúró ti ìkòkò aró mọ́. Wọ́n wá kéde pé ní Sátidé tó ń bọ̀ àwọn máa pín aṣọ inú àpótí náà fún àwa ọmọ àti àbúrò àwọn. Bùọ̀dá Láyí, ẹ̀gbọ́n mi, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má kánjú.

"Ọwọ́ mi ni mo fi yà á," wọ́n ní, "ọwọ́ mi náà ni mo fẹ́ fi pín in. Àbí ẹ fẹ́ kó di ìgbà tí n ò ní lè rí ojú yín bí ẹ bá ń gbà á?"

Àmọ́ mo rí i pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ọwọ́ wọn wà lórí ìdérí àpótí náà, wọn ò gbé e kúrò. Bí wọ́n bá pín in tán, àwọn aṣọ náà ò ní wà lójú kan mọ́ láéláé. Apá kan á lọ sí Ìbarà, apá kan á lọ sí Kuto, apá kan á lọ sí abúlé lẹ́yìn Ọ̀dẹ̀dá. Ni mo bá yọjú. Mo ní màá ya gbogbo wọn ní fọ́tò kó tó di Sátidé, màá sì ṣe é ní ìwé fọ́tò kan fún wọn, kí wọ́n lè máa wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn pọ̀ nígbà tó bá wù wọ́n. Inú wọn dùn débi pé wọ́n ní kí n wá jẹ ẹran tó wà nínú ọbẹ̀ àwọn.

Mo ní kámẹ́rà kékeré kan tí mo mú bọ̀. Kọ̀ǹpútà ni mi ò ní, mi ò sì mọ̀ ọ́n lò ju kí n fi tẹ lẹ́tà lọ. Mo lọ sí Kuto, mo ra ọ̀kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọnbọ bíi ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, èmi àti bàbá rẹ gbé e sórí tábìlì nínú yàrá tó kọjú sí àgbàlá. Ojú fèrèsé gan-an ni mo gbé e sí. Bàbá rẹ bèèrè ìdí tí mo fi fẹ́ ibẹ̀. Mo ní mo fẹ́ máa gbọ́ Yorùbá àwọn aládìrẹ tó ń ṣiṣẹ́ níta, kí n máa ṣa ọ̀rọ̀ wọn bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Òótọ́ ni. Mo ní ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù, bí ẹnì kan bá sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò mọ̀, màá kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn náà mọ̀. Nígbà míì wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ sọ ìsọkúsọ kan kí n lè kọ ọ́, wọ́n á wá máa rẹ́rìn-ín.

Àṣìṣe náà ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́. Ibi tí mo gbé tábìlì sí ni.

Okùn aṣọ wà níwájú fèrèsé yẹn. Láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi ń rọ̀, aṣọ aláró tútù ló máa ń wà lórí rẹ̀, ìlà mẹ́ta mẹ́rin. Oòrùn á gba ara aṣọ wọ̀ mí nínú yàrá, gbogbo ojú kọ̀ǹpútà á tan aró. Wá wo èmi ọ̀mọ̀wé: mo ṣí fọ́tò àkọ́kọ́, mo rí i pé àwọ̀ aró rẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo ní kámẹ́rà yìí mà burú o. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń dín àwọ̀ kù, mo dín in. Ó ṣì pọ̀. Mo tún dín in. Mo dín in títí ó fi wù mí, mo tẹ ibi tó ní kí n tọ́jú rẹ̀, mo bọ́ sórí èyí tó kàn. Bí mo ṣe ṣe mọ́kànlélógún nìyẹn. Káàdì inú kámẹ́rà kéré, nítorí náà bí mo bá ti kó ti ọjọ́ kan sórí kọ̀ǹpútà, màá pa á rẹ́ kúrò nínú káàdì kí àyè lè wà fún ti ọjọ́ kejì. Mo rò pé ọgbọ́n ni.

Sátidé pé. Ìyá Àgbà jókòó sórí àga, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn gbé aṣọ fún olúkúlùkù, wọ́n ń gbàdúrà lé e. Kálukú di tirẹ̀, ó lọ. Lọ́jọ́ Ajé mo gbé fọ́tò mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Kuto kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tí ọkùnrin ibẹ̀ kó o fún mi, gbogbo aṣọ náà ti di àwọ̀ eérú. O mọ omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò aró tó ti kú, bó ṣe máa ń rí? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí.

Mo bínú. Mo bú ẹ̀rọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá, èyí tí mo gbọ́ nínú rẹ̀. Ọkùnrin náà ò bá mi jà. Ó rọra yí ojú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sí mi.

"Màdáámù," ó ní, "ẹ wò ó fúnra yín kẹ́ ẹ tó lù mí."

Eérú ni lójú tiẹ̀ náà. Mo kó fọ́tò mi, mo gun ọ̀kadà. Kí n tó dé Ìtòkú, òjò ti bẹ̀rẹ̀, àwọn aládìrẹ ti sáré ká aṣọ wọn kúrò lórí okùn. Mo tan kọ̀ǹpútà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jókòó tì í, kò sí aṣọ kankan níwájú fèrèsé mi. Eérú ni gbogbo wọn. Ìgbà yẹn ló yé mi pé aró ara aṣọ ìta ni mo ti ń bá jà láti ọjọ́ yìí, mo sì ti bó aró Ìyá Àgbà kúrò lára aṣọ wọn. Mo wá èyí tí mi ò tíì fọwọ́ kàn. Kò sí. Orí fọ́tò àkọ́kọ́ gan-an ni mo ń tọ́jú àtúnṣe sí lójoojúmọ́, káàdì sì ti ṣófo.

Mo gbé e tọ Ìyá Àgbà lọ bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ti ń dúró dè mí. Wọ́n gbé ọ̀kan sójú ìmọ́lẹ̀. Wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún.

"Aṣọ ta nìyí?"

Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Wọn ò ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n wo gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wá ọmọ rẹ̀ láàárín èrò, wọ́n wá rọra kó o lé orí àpótí tó ti ṣófo. Ni mo bá bú sẹ́kún. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń sunkún bí ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n mú lọ. Ìyá Àgbà jẹ́ kí n sun ún díẹ̀.

"Ta ló kú?" wọ́n ní. "Àwọn tó gba aṣọ, ṣé o ò mọ ilé wọn ni?"

Mo mọ ilé wọn. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Láti ìgbà tí mo ti dé, mo ti ń sá fún àwọn ẹbí, torí bí mo bá ti la ẹnu, ẹ̀rín ni. Ó rọrùn fún mi láti jókòó sójú fèrèsé kí n máa jí ọ̀rọ̀ wọn gbọ́ ju kí n dúró níwájú wọn lọ. Àmọ́ kò sí ọ̀nà mìíràn. Mo gbé kámẹ́rà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kiri.

Ilé Bùọ̀dá Láyí n'Íbarà ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo kan ilẹ̀kùn, ó ṣí i, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, sà." Ẹ̀gbọ́n mi mú orí ilẹ̀kùn dání, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ló yẹ kí òun kí mi káàbọ̀, pé àbí mo ti ra ilé náà ni. Ó ní òun ò ní ṣí kọ́bọ́ọ̀dù àyàfi tí mo bá lọ síta, kí n padà wọlé, kí n kí gbogbo ará ilé bó ṣe yẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jáde. Nígbà tó gbé aṣọ rẹ̀ mẹ́fà sílẹ̀, mo ya márùn-ún, ó fa ọ̀kan sẹ́yìn. Ó ní kí n wo ẹsẹ̀ aṣọ náà. Mo wò ó, mo rí àwọn àmì kékeré kan tí mo rò pé ewé ni. Ó ní ẹsẹ̀ òun ni. Ó ní ọ̀sẹ̀ tí òun bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ni Ìyá Àgbà ya aṣọ yẹn, pé Láyí Ń Rìn lorúkọ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tó ń sọ ọ́.

Mo ti ní fọ́tò aṣọ yẹn tẹ́lẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Nínú kọ̀ǹpútà mi, nọ́ńbà lásán ló ń jẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn mo lọ sí abúlé lọ́dọ̀ àbúrò Ìyá Àgbà, ẹni tí à ń pè ní Ìyá Ọ̀dẹ̀dá. Inú ìdílé olórìṣà àti àgbẹ̀ ni ọkọ wọn ti wá. Mo fẹ́ ya aṣọ mẹ́fà kí n tètè wọ ọkọ̀ padà. Wọ́n ní kámẹ́rà mi ń kánjú, kó jókòó. Wọ́n gbé pákí síwájú mi kí n máa bó o. Ọjọ́ yẹn mi ò rí aṣọ kankan. Lọ́jọ́ kejì mo rí méjì. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n yọ ìyókù, títí kan èyí tí wọ́n ti fi ṣe ìborùn lọ síbi ọdún òrìṣà ilé wọn, bí wọ́n sì ṣe ń yọ ọ́ ni wọ́n ń sọ orúkọ àti ìtàn rẹ̀. Ojú Ọ̀nà Oko nìyí. Ilẹ̀kùn Méjì nìyí, ọdún tí ẹ kọ́ ilé Ìtòkú. Ọwọ́ mi ti le láti ara pákí, ìwé kékeré mi sì ti kún fún ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fi tàn mí jẹ.

Àǹtí Ràbí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ni mo fi ṣe ìkẹyìn, ní Kuto. Márùn-ún ni tiwọn. Wọ́n kó mẹ́rin jáde. Mo bèèrè ìkarùn-ún, wọ́n ní àwọn ti gé e. Mi ò gbà gbọ́. Wọ́n mú un wá: wọ́n ti gé aṣọ náà sí mẹ́ta, wọ́n ti ran etí rẹ̀, ó ti di ọ̀já ìpọnmọ. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ọmọ ọmọ wọn bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ojú mi ṣú. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí àbúrò sọ sí ẹ̀gbọ́n, mo sì sọ ọ́ ní Yorùbá tó dán mọ́rán, mi ò kọsẹ̀ níbì kankan.

Àǹtí Ràbí fetí sílẹ̀ títí mo fi sọ ọ́ tán.

"O ti gbọ́ Yorùbá," wọ́n ní. "Màmá fún mi kí n lò ó, mo sì ń lò ó. Mú ọ̀kan. Ìwọ náà máa nílò rẹ̀ láìpẹ́."

Ikùn mi ni wọ́n ń wò. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí bàbá rẹ.

Mo ya àwọn ọ̀já mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú kan náà, títí kan èyí tó wà lẹ́yìn ọmọ, ọmọ náà ń sùn. Èmi àti bàbá rẹ ti gbé tábìlì kúrò lójú fèrèsé sí igun yàrá nígbà yẹn. Mẹ́rin tó jẹ́ tèmi náà wà níbẹ̀, mo sì tẹ́ ọ̀kan lára wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, mo ń wo aṣọ, mo ń wo fọ́tò. Nígbà tí mo gbé ìwé fọ́tò tuntun fún Ìyá Àgbà, wọn ò bèèrè aṣọ ta ni. Wọ́n ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ wọn ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, láti orí Láyí Ń Rìn dé orí àwọn ọ̀já, bí ìyá tó ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé wá jẹun.

Wàyí o, ìmọ̀ràn mi rèé. Dì í mú.

Èkíní ni ibi tí tábìlì máa wà. O ní fèrèsé yàrá rẹ n'Ífọ̀ kọjú sí ògiri onílé tí wọ́n kùn ní àwọ̀ osàn. Má gbé e síbẹ̀. Jẹ́ kí fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kó má wà níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ. Wá kọ́tìnnì tó funfun tàbí tó rí bí eérú, má fi aláwọ̀ mèremère tó o rà lọ́jà Ìtòkú síbẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó. Bí o bá ń ṣiṣẹ́ àwọ̀, má wọ aṣọ pupa fòò jókòó síwájú rẹ̀. Má rẹ́rìn-ín. Dán an wò kó o rí i.

Èkejì: má fọwọ́ kan fọ́tò tí kámẹ́rà bí. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kó o máa tún ṣe. Ṣe fódà kan tó ń jẹ́ Àkọ́kọ́, kó o kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, kó o sì kà á sí èèwọ̀. Lọ́jọ́ tí mo bá wá sí Ifọ̀, ìyẹn ni màá kọ́kọ́ bèèrè kí n tó bèèrè omi.

Ẹ̀kẹta: má pa nǹkan kan rẹ́ nínú káàdì títí wàá fi ṣí ẹ̀dà rẹ̀, tó o sì fi ojú rẹ rí i. Kí fọ́tò wà lójú mẹ́ta: lórí kọ̀ǹpútà, lórí háàdì dísìkì kan, àti ní ilé ẹlòmíì. Bùọ̀dá Láyí ló ń bá mi tọ́jú tèmi, inú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà yẹn.

Ẹ̀kẹrin: fún wọn lórúkọ. Bí o bá ya ìyá arúgbó kan, bi wọ́n léèrè orúkọ, kó o kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ ìtàn, jókòó. Kámẹ́rà tó ń kánjú, nọ́ńbà lásán ló máa ń kó délé.

Iná ńkọ́? Wá bátìrì tó máa gbé kọ̀ǹpútà ró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ bí iná bá lọ lójijì, kó o lè tọ́jú iṣẹ́ rẹ kó o sì pa á. Lákòókò ọyẹ́, fi aṣọ bò ó, eruku ìhà yín ò kéré. Má ra gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà. Àga tó dáa ni kó o kọ́kọ́ wá, ẹ̀yìn rẹ ni mo ń rò.

Má tijú láti bèèrè. Ọkùnrin Kuto tí mo bú yẹn, òun ló kọ́ mi ní ìdajì ohun tí mo mọ̀, lẹ́yìn tí mo padà lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n kí n tún bú òun ní Yorùbá kan yẹn, ó dùn létí òun.

Àti pé, Àbẹ̀kẹ́, má jókòó tì í jù. Ẹni tó ń wo ojú kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ á gbàgbé bí ojú èèyàn ṣe rí. Dìde, lọ kí aládùúgbò rẹ. O mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn, o ò dà bí èmi.

Ó ku nǹkan kan. Nínú àpò yìí, wàá rí háàdì dísìkì kékeré kan. Aṣọ mọ́kànlélógún wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àti ìtàn wọn. Ìkẹrin nìyẹn, ìwọ náà ti di ilé ẹlòmíì mi báyìí. Aṣọ tí mo fi wé e, má rò pé àkísà ni. Ọ̀já Àǹtí Ràbí ni. Òun ni mo fi pọ̀n ọ́ títí o fi lè rìn, ó ti gbó díẹ̀ létí, àmọ́ aró Ìyá Àgbà kò tíì ṣí.

Nígbà tó o bá to tábìlì rẹ tán, kó o tó ṣiṣẹ́ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, ya ọ̀já yẹn. Tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, kó o wo méjèèjì. Bí aró inú kọ̀ǹpútà bá bá ti ara aṣọ mu, tẹ̀ ẹ́ jáde, kó o fi rán awakọ̀ sí Ìyá Àgbà. Ojú wọn ò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àmọ́ wọn ò tíì ṣi aṣọ wọn mọ̀ rí. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n máa retí rẹ̀, wọ́n sì ti ní kí n gbé àga àwọn síta síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Bí wọ́n bá bèèrè pé aṣọ ta nìyí, màá pè ọ́, wàá sì tún tábìlì rẹ gbé. Bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ, Àbẹ̀kẹ́, wàá mọ̀ pé o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mi ò tíì sọ fún ọ pé láti ìgbà tí mo ti fi pọ̀n ọ́ ni wọ́n ti yí orúkọ aṣọ yẹn padà sí tìrẹ.

Èmi ni,
Mọ́mì rẹ, tí kò jókòó sójú fèrèsé mọ́.